Ọ̀dà Tó Bó Lára Ọkọ̀ Kékeré: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ohun Tuntun Di Ògbólógbòó?

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé àwòrán ọkọ̀ Peugeot 504 kan sórí WhatsApp. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti bó káàkiri, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, eruku pupa sì ti bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti pè mí láti Kétu pé èló ni mo fẹ́ ta àlòkù irin náà. Àbúrò mi kan níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tà á o, mo mọ tòlíyè kan tó lè tún ara rẹ̀ lù." Mo wá fi àwòrán kejì ránṣẹ́, èyí tí mo ti gbé ọkọ̀ náà sórí ọwọ́ mi méjèèjì. Ìgbà náà ni ìbéèrè wá pọ̀ sí i. Àǹtí mi fi ohùn ránṣẹ́: "Ọmọ mi, ṣé nǹkan ìṣeré tuntun lo rà tán tí o wá bà á jẹ́ báyìí? Kí ló ṣe ọ́?"

Kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí rí, ìyẹn sísọ àwòṣe ọkọ̀ kékeré di ògbólógbòó, àwọn tó sì gbọ́ rò pé ká kàn da ọ̀dà dúdú sí nǹkan lára ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní màkẹ́ẹ̀tì?

Màkẹ́ẹ̀tì, bí àwa tí Faransé wà lẹ́nu wa ṣe ń pè é, ni àwòṣe kékeré tí a ṣe ní ìrísí nǹkan ńlá, tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti ojúlówó mu. Bí wọ́n bá sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/24, ohun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 lára ojúlówó yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré lára àwòṣe. Ọkọ̀ 504 elérò, èyí tó ní ìjókòó lọ́nà mẹ́ta, gùn tó nǹkan bíi mítà 4.8. Ẹ pín in sí ọ̀nà 24, ẹ ó rí sẹ̀ǹtímítà 20. Bí tèmi ṣe gùn nìyẹn.

Ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń jẹ́ 1/72, ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ 1/35, ọkọ̀ ojú irin 1/87. Ojú irin tiwa tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Paràkú fẹ̀ ní mítà 1. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní 1/87, mílímítà 11 àti ààbọ̀ ni yóò fi sáàárín irin méjèèjì. Ìyàtọ̀ màkẹ́ẹ̀tì sí nǹkan ìṣeré nìyẹn. Nǹkan ìṣeré kò bìkítà bí táyà bá tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí a ó máa lò, Yorùbá sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Ọ̀dà máa ń *ṣá* nígbà tí oòrùn bá fa àwọ̀ rẹ̀ gbẹ. Ó máa ń *họ* nígbà tí nǹkan bá fi ara gbo ó. Ó máa ń *bó* nígbà tí ègé rẹ̀ bá ṣí kúrò pátápátá. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń *dípẹtà*, ìyẹn ohun tí Bíbélì pè ní ìpáàrà. Ẹni tó bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dà bí òótọ́ láéláé.

Kí ló dé tí a ó fi fẹ́ kí ohun tuntun gbó?

Nítorí pé ojú mọ òótọ́. Bí ọ̀dà bá ń dán gbinrin káàkiri ara ọkọ̀ tí kò gùn ju ọwọ́ lọ, ojú á sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé ike ni. Bí ó bá rí ibi tí ọ̀dà ti ṣá lórí òrùlé, tó rí irin tó yọjú níbi ọwọ́ ilẹ̀kùn, á gbà pé nǹkan ńlá tó ti rìn jìnnà ni.

Ìdí kejì kàn mí jù. Ní ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 504 ní ilẹ̀ Faransé. Ní Nàìjíríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní 1975. Ọkọ̀ yẹn ló gbé àwọn ìyá wa àti ẹrù wọn lọ sí ọjà, tó tún gbé wọn bọ̀. Èyí tí èmi mọ̀ nígbà èwe mi ti ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ fi ṣí. Bí mo bá ṣe é ní tuntun tó ń kọ mànà, ọkọ̀ tí àwọn olówó Faransé rà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe. Kì í ṣe tiwa.

Kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà?

Ẹ rin ìrìn díẹ̀ láàárín àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ilé tí àwọn tó ti Bràsílì dé kọ́. Ẹ dúró síwájú ògiri kan tó ti bó, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ lè rí ọ̀dà òkè, kí ẹ rí àwọ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ rí ìrẹ́ funfun lábẹ́ ìyẹn, kí ẹ tó wá kan amọ̀ pupa. Ìbó kan ṣoṣo ti ṣí ìtàn ilé náà sílẹ̀ ní ìpele ìpele.

Ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Irin ló wà nísàlẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀dà aláwọ̀ wà lókè. Òkúta kékeré tó ta bá a lè bó ọ̀dà òkè nìkan, ó sì lè wọlé dé irin. Irin tó bá pàdé omi àti afẹ́fẹ́ yóò dípẹtà, iyọ̀ sì ń mú kó yá. Ìdí nìyẹn tí páànù ilé tó wà létí òkun fi ń tètè jẹ. Ìpẹtà tuntun máa ń pọ́n bí ọsàn, èyí tó ti pẹ́ máa ń ṣú dùdù. Nítorí náà, àárín ojú ìbó tó ti pẹ́ ló yẹ kó dúdú jù, kí àwọ̀ ọsàn díẹ̀ yí i ká.

Ẹ dákun, kì í ṣe ohun gbogbo ló ń dípẹtà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá bó, àwọ̀ fàdákà tó ti kú díẹ̀ ni ẹ ó rí, bíi ti ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Pákó tí ọ̀dà rẹ̀ bá bó máa ń di eérú eérú lábẹ́ oòrùn. Ike kì í dípẹtà rárá, ó máa ń ṣá ni. Mo ti rí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n fi àwọ̀ ìpẹtà kùn láti imú dé ìrù. Ọwọ́ ẹni tó ṣe é dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni ọ̀dà ti ń bó?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ohun tí mo ti sọ ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí àpá yẹ kó wà, àfi kéèyàn lajú.

Kò sí àpá tó dédé wà lára nǹkan. Kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ọkọ̀, mo máa ń béèrè pé: ta ló fọwọ́ kan ibí? Kí ló gbá a? Omi gba ibo sọ̀kalẹ̀? Ẹ lọ sí gáréèjì kan ní Wàǹdó, ẹ wo ọkọ̀ elérò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀dà ti họ yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ká, níbi tí òrùka àti èékánná ti ń gbo ó. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn èrò ń tẹ̀ wọlé ti ń dán, nítorí bàtà kì í jẹ́ kó ráyè dípẹtà. Etí kapó, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì níwájú, kún fún ojú kéékèèké tí òkúta ọ̀nà ta sí i. Lẹ́yìn táyà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta lù ú nígbà òjò, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àárín ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó ṣì dáa, ó kàn ṣá díẹ̀ ni. Òrùlé ló ṣá jù, torí òun ló ń gba oòrùn.

Ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ máa ń dán. Ohun tí a pa tì ló máa ń dípẹtà. Tí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ti mọ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irinṣẹ́ olówó iyebíye lọ. Fún ibi tó ń dán, pẹ́ńsù lásán ti tó: mo máa ń fi ọbẹ họ èédú inú rẹ̀ sínú ọmọrí ìgò, màá fi ìka mú un, màá fi nu etí ẹnu ọ̀nà náà, á sì tàn bí irin gidi.

Ọ̀nà tó rọrùn jù: ègé fóòmù

Fóòmù inú tìmùtìmù tó ti ya ni mo ń lò. Ẹ fi ọwọ́ já a, kó tó orí àtàńpàkò. Ẹ má fi abẹ gé e, torí ojú ibi tí abẹ gé máa ń tẹ́jú, àpá tó bá fi sílẹ̀ á sì jọra wọn. Ibi tí ọwọ́ já máa ń rí jákujàku, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Ọ̀dà ọkọ̀ mi jẹ́ búlúù. Mo kọ́kọ́ po búlúù kan náà mọ́ funfun díẹ̀ títí ó fi mọ́lẹ̀ ju ti ara ọkọ̀ lọ. Mo ti fóòmù bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló tó lò. Mo fi kan etí ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́, mo gbé e kúrò. Ojú kéékèèké bíi mẹ́fà yọ, kò sí èyí tó jọ èkejì. Ìyẹn dúró fún ibi tí ọ̀dà ti họ lásán. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun orí rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, mo fi àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú dùdù kun inú àwọn tó tóbi nínú wọn, ṣùgbọ́n mo fi etí búlúù mímọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ yí i ká. Lójú kan náà, ìbó náà jin wọlé. Ó dà bíi pé ọ̀dà náà nípọn tó sì ní etí, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ wà.

Àṣejù ni ewu rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ni débi pé ọwọ́ kì í fẹ́ dúró, ọkọ̀ náà á wá rí tótòtó bí ara ẹyẹ ẹtù.

Iyọ̀ àti láàkì: ẹ rántí àdìrẹ

Ohun tó ń rú ènìyàn lójú jù nìyí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa aláró ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró kò ní dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ kúrò, àwọ̀ ìsàlẹ̀ á yọ.

Iyọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an. A ó kọ́kọ́ kun àwòṣe ní àwọ̀ ìpẹtà, a ó jẹ́ kó gbẹ. A ó fi omi tọ́ ibi tí a fẹ́ kó bó, a ó wọ́n iyọ̀ sí i, èyí tó wóro àti èyí tó kúnná pọ̀. Nígbà tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. A ó fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ lé e lórí. Tí ìyẹn náà bá gbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá iyọ̀ náà dànù, ìpẹtà á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ dára fún ibi tí ìbó ti gbilẹ̀, bí òrùlé ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì.

Láàkì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Láàkì ni oje inú agolo tí àwọn onídìrí ń fọ́n sí irun kó má bàa tú. Tí ẹ bá ti rẹ ìgò sínú omi rí kí ẹ lè ṣí bébà ara rẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: omi gba inú bébà kọjá, ó dé ìdí gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù yọ́, bébà ṣí. Níbí, láàkì ni gọ́ọ̀mù, ọ̀dà òkè sì ni bébà.

Àwọ̀ ìpẹtà ló wà nísàlẹ̀, fáníìṣì sì gbọ́dọ̀ bò ó kí omi má bàa kó òun náà lọ. Nígbà tó bá gbẹ, a ó fọ́n láàkì sí i lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà òkè. Ọ̀dà olómi ló gbọ́dọ̀ jẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó nípọn. Tí ẹ bá fi ọ̀dà elépo ṣe é, omi kò ní rí ọ̀nà wọlé, ẹ ó sì gbo ó títí ọwọ́ á fi máa dùn yín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà ọyẹ́, èmi kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dà ti le kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán.

Nísinsìnyí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tọ́ ibì kan, kì í ṣe gbogbo ara. Ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ le díẹ̀, ẹ máa fi gbo ibẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lójijì, ègé kan á ṣí bí èèpo ẹ̀pà tí a fi ìka ra, àwọ̀ ìpẹtà á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Fún ilà tó tẹ́ẹ́rẹ́, igi ìtayín ni kí ẹ lò. Kò sí ẹni tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì ya irú etí yẹn, torí pé ọ̀dà gidi ló bó lóòótọ́. Tí ó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fi fáníìṣì bò ó, kí ọwọ́ olóòógùn má bàa tún bó ohun tí ẹ kò fẹ́ kó bó.

Báwo ni àpá ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Kékeré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpá mílímítà 2 lára ọkọ̀ 1/24 dúró fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lára ojúlówó. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà, bí ẹni pé ọkọ̀ fi ara gbo ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpá mílímítà 3, tó tó orí ìṣáná, sára ọkọ̀ òfuurufú 1/72: ó ti ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ, ó ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ta ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí tó bẹ́ẹ̀ ní ogún ibi? Bí àwòṣe bá ṣe kéré sí ni àpá náà gbọ́dọ̀ kéré sí. Ní 1/72, ibi tí ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kàn lẹ́ẹ̀kan, tí a kò tẹ̀ ẹ́, ti tó.

Eruku àti ipa omi

Òjò máa ń fa ìpẹtà sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà elépo aláwọ̀ ilẹ̀ kán ibi ìbó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí a ti rẹ sínú tápẹ́ńtáìnì, tí a sì ti nù, fà á wálẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí, kì í ṣàn sí ẹ̀gbẹ́.

Ní ti eruku, a kò nílò láti ra èyí tí wọ́n ń tà ní òkè òkun. Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni àwọ̀ tó tọ̀nà gan-an fún ọkọ̀ tó rin ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ẹ gún un, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí wóro yanrìn kan ní ìwọ̀n 1/24 ti di òkúta. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ wọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti inú ojú táyà.

Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọ̀dà tàbí láàkì, ẹ bo imú, kí àwọn méjèèjì sì jìnnà sí ìdí ààrò. Láàkì máa ń gbaná kíákíá.

Ohun tí ojú mi kò rí

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó wa 504 láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó ku fáníìṣì ìkẹyìn nìkan, mo gbé e lọ kí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ojú okùn dà?"

Mo ní, "Ojú okùn wo, Bàbá?"

Wọ́n fi èékánná tọ́ka sí etí òrùlé, nísàlẹ̀ irin ìdírù. "Àpò gaàrí, àpò àgbàdo, ewúrẹ́ nígbà mìíràn. Okùn tí a fi ń dì wọ́n, ibí yìí ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í yí ibùdó padà. Ó máa ń jẹ ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi máa dán."

Mo gbé ọkọ̀ náà padà sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi omi tọ́ etí òrùlé, mo mú igi ìtayín, mo fà á wálẹ̀ ní ibi mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Mo fi èédú pẹ́ńsù nu inú wọn. Ní òwúrọ̀, kí n tó jẹun, mo gbé e lọ fún Bàbá láti wò.